Àlàfo Kan Lára Òkúta

Èmi ni mo ń gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta ibojì ní Stromness,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń ka orúkọ òkú ṣáájú ojú.
Lẹ́tà kan, pọ́n-ùn mẹ́rin.
Kọ́mà, ọ̀fẹ́ ni.
Ta ni yóò sanwó ohun tí kò tó èékánná ọmọ tuntun?

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́,
ilé Wilma Drever ni mo ń gbé e lọ,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méjìlélógún;
pẹ́ńsùlù pupa etí rẹ̀ ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Èmi nìkan kọ́ ni mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Apẹja kan wá, bàtà rẹ̀ ń jo omi:
"Ṣé kọ́mà gbọ́dọ̀ ṣáájú 'àti' nínú àkọlé ṣọ́ọ̀bù mi?
Akàn, edé, àti ẹja gbígbẹ."
"Bó o fi síbẹ̀, o ò ṣẹ̀. Bó o yọ ọ́, o ò ṣẹ̀.
Ṣùgbọ́n má fi sí i lónìí kó o yọ ọ́ lọ́la,
kí oníbàárà má baà rò pé ẹni méjì ló ni ọjà."

Mo ní, "Wọ́n ní ibi tí èèyàn bá ti mí ni kọ́mà ń wà."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ikọ́ fée ló ń bá bàbá mi jà.
Bó bá jẹ́ èémí ni, kìkì kọ́mà ni lẹ́tà rẹ̀ ì bá jẹ́."

Ní oṣù kọkànlá, Jessie Isbister mú ìwé wá, òjò ti pa á.
Ọkọ rẹ̀ ló kú, Edwin, atukọ̀.
*Ẹni ọ̀wọ́n fún ìyàwó rẹ̀, Jessie,
àti fún ọmọkùnrin rẹ̀ Magnus.*

Wilma fi ojú kan án.
"Ìyàwó wọ kọ́mà sétí méjèèjì bíi yẹtí.
Etí Magnus ṣófo.
Ọmọkùnrin mélòó ni Edwin bí?"
"Ọ̀kan ṣoṣo."
Ó wò mí títí, tíì tutù níwájú rẹ̀.
"Bó bá jẹ́ ọ̀kan, kọ́mà ló ń sọ bẹ́ẹ̀.
Bí kò bá sí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń wí pé:
Magnus ni mò ń sọ, kì í ṣe èkejì.
Má tíì fọwọ́ kan òkúta. Lọ bi Jessie."

Mo fi ẹfun sàmì síbẹ̀, mo ránṣẹ́ pè é.
Ẹ̀wù òjò Edwin ló wọ̀ wá, apá rẹ̀ gùn kọjá ọwọ́.
Ó wo ẹfun náà.
Ó fi itọ́ tọ́ àtàǹpàkò,
ó nu ún kúrò.
"Ọ̀dọ̀ Wilma ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.
Mo mọ ohun tí mo kọ."
Lẹ́yìn náà, òkúta ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi:
"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni o fi ní ká má dárúkọ rẹ̀.
Ṣé mo dárúkọ rẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.
Ibi tí abẹ́rẹ́ kò gún ńkọ́?

Mo gbẹ́ ẹ bó ṣe wà.
Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òòlù mi rọra ń lù
bí ẹni ń kọjá lẹ́nu yàrá tí ọmọ ti ń sùn.

Mo ròyìn fún Wilma. "Ó tọ̀nà," ló wí,
ó sì ń wá pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.
"Ìjókòó kẹta ni tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ọmọ dáadáa.
Kò fi kọ́mà síbi tó yẹ rí."