Òòfà Ìdí Jíà

Òru Ọjọ́bọ̀ ni, lójú títì tó lọ sí Cleethorpes.
Mo ń bọ̀ láti ilé ìyá arúgbó kẹta tí mo ń tọ́jú
ni jíà kejì bá kọ̀, tí kò wọlé.
Ó dúró, ó rò ó,
ó wá wọlé gbì, bí ẹni tí wọ́n tì látẹ̀yìn.

Fọlárìn ló ní kí n wá òòfà.
Fọlárìn tó ń wa takisí ní Scunthorpe,
tí kì í sọ̀rọ̀ láìbúra:
"Lẹ òòfà mọ́ ọn nídìí, jíà yẹn á gbó, á tọ́,
á pẹ́ láyé ju ìwọ gan-an lọ."

Mo tú kọ̀ǹpútà kan tó ti kú,
mo yọ òòfà méjì nínú rẹ̀,
pẹlẹbẹ bí èékánná.
Wọ́n bu ìka mi jẹ kí n tó rí wọn yà.

Norman kò rẹ́rìn-ín.
Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fi èéfín yan ẹja ní Grimsby,
kò sí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀ tí òórùn ẹja ò ní bá a lọ.
Ó gbé tèmi sókè, ó tú bóòtù mẹ́rìnlá,
ó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo bísíkíìtì,
ó sọ abọ́ ìdí jíà kalẹ̀ jẹ́jẹ́
bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.
Òróró tó yẹ kó pupa fòò
ti dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Wò ó," ó ní, "wọ́n ti fi méjì sí i láti ilé iṣẹ́."
Òótọ́ ni. Òòfà méjì, wọn ò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ,
wọ́n ti hu irun, irun eérú, múlọ́múlọ́:
irin ara jíà tó ti di lẹ́búlẹ́bú,
ọdún mẹ́sàn-án mi, òru lórí òru,
Immingham, Louth, Laceby,
ilé àwọn tí kò lè dá dìde.
Norman fi àtàǹpàkò nù ún, ó fi ìka ra á wò.
"Bó bá kúnná bí àtíkè, má bẹ̀rù.
Ọjọ́ tó bá gún ẹ lọ́wọ́, lọ máa wá owó."

Ó yí òòfà tèmi síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Ó ní kò burú, bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta abọ́,
kó má jábọ́ sínú,
kó má sún mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eré.
Ṣùgbọ́n oore rẹ̀ ò tó bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń búra.
Àwọ̀ ara kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣí, òòfà ò mọ̀ ọ́n.
Álúmíníọ̀mù, òòfà kì í kí i.
Ooru ńkọ́? Ọwọ́ wo ni yóò fi mú un?
"Òróró ni kó o máa pààrọ̀, ní máìlì ọ̀kẹ́ méjì méjì.
Kí òòfà tó mú irin, irin ti kúrò lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe sọ ọ́ lọ.
Mo ní òòfà kan nílé, lára fìríìjì,
òun ló di fọ́tò Bàámi mú.
Ó dì í mú dáadáa, kò jẹ́ kó jábọ́ rí.
Ṣùgbọ́n kó tó dì í mú, wọ́n ti lọ.
Mi ò sọ èyí fún Norman.
Ó ń ka lítà òróró, ó ń fi ètè kà á,
ogóje pọ́ùn ló gbà, ó dá márùn-ún padà fún tíì.

Mo lẹ òòfà méjèèjì mọ́ ọn ṣáá.
Ẹ má bi mí ní ìdí.

Nígbà tí mo dé oríta, jíà kejì wọlé
láìkan ilẹ̀kùn, bí onílé.
Ni fóònù dún. Fọlárìn ni.
"Ṣó o rí i? Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Òòfà ni!"
Mo ní, "Òòfà ni, ẹ̀gbọ́n,"
mo ṣí fèrèsé kí òórùn ẹja lè jáde.