Bóòtù Ẹ̀yìn Sítátà

Yìnyín ti sin ẹnu ọ̀nà gáréèjì wa ní Raahe.
Mo sùn gbalaja sábẹ́ Volvo bàbá mi,
páálí ni mo tẹ́, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Bóòtù kan ló kù.
Méjì ti jáde wọ́ọ́rọ́wọ́;
ẹ̀kẹta fara pamọ́ sẹ́yìn sítátà,
níbi tí ojú ò tó, tí ọwọ́ ń rápálá dé.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù
ti sọ òun àti irin tó gbá a mọ́ra di ọ̀kan.
Mo fi epo rin ín lálẹ́ àná.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u tìyátìyá.
Sípánà yọ̀, èékánná mi bó.
Urpo aládùúgbò yọjú, ó ní, “Gé e.”
Ó mu kọfí rẹ̀, ó lọ.

Vieno, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá na ọwọ́ tínínrín
gba àárín wáyà kọjá bí ẹja tó mọ ihò.
“Sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dé e lórí, Màmá. Fà á.”
Mo ki páìpù bọ apá sípánà,
mo fà á, mo tún fà á—

ìgbà yẹn ni mo rántí:
bàbá mi ló dè é gbẹ̀yìn,
ọlọ́wọ́ òsì tí kì í fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú nǹkan.
Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú ilẹ̀,
agbára apá rẹ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀, ó ń bá mi du irin.

Ká!

Vieno hó yèè. Èmi ò sọ̀rọ̀.
Mo yí i díẹ̀, mo dúró.
Mo tún yí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tí ń yọ ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti sùn.