Kílò Méjì

Èmi ni mò ń wọn ewé tíì lóko Karumalai,
níbi tí ìkùukùu ti ń sùn lórí òkè di aago mẹ́sàn-án.
Ọdún kọkànlá rèé.
Wọ́n fún mi ní bàtà, wọ́n fún mi ní bírò,
wọ́n sọ òfin kan sí mi létí:
“Thavarasa, yọ kílò méjì lórí àpò kọ̀ọ̀kan.
Ti omi ni.”

Lásìkò òjò, mo yọ ọ́. Ewé kúkú ń mu omi.
Ní Fẹ́búárì tí ilẹ̀ sán, tí ewé ń ké ṣákáṣáká lọ́wọ́,
mo yọ ọ́.
Omi wo? Ẹnikẹ́ni ò bi mí,
èmi náà ò sì bi ara mi.

Kílò méjì láàárọ̀, kílò méjì lọ́sàn-án.
Ẹni tó bá pè é ní kékeré, kó wá já a:
ọ̀mùnú kan, ewé méjì, àtàǹpàkò òun ìfábẹ̀lá,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kí àpò tó kún,
lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ewúrẹ́ gan-an ń wo ẹsẹ̀ kó tó gbé e.
Àwọn obìnrin a fi ọṣẹ òun iyọ̀ ra ojúgun nítorí eṣúṣú.
Eṣúṣú ṣì sàn.
Bó bá yó, á já bọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ni Mariyayi gbé àpò tirẹ̀ dé.
Kò pariwo. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀,
ó da ewé sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó fi lé mi lọ́wọ́.
“Fún un. Bí omi bá kán, máa mú kílò méjì rẹ lọ.”

Mo fún un bí ẹni ń fún aṣọ.
Ilẹ̀ gbẹ.
Àwọ̀ ewé nìkan ló kù ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Owó òní,” ó ní, “ìrẹsì ni, dálì ife kan, epo àgbọn díẹ̀.
Bọ́ọ̀sì ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ ò sí níbẹ̀.
Owó tó kàn tó gbé mi padà síbí lọ́la,
koríko màlúù nìyẹn, Thavarasa,
wọn kì í pè é ní ọ̀yà.”

Mo kọ ọ́: mọ́kànlélógún. Bó ṣe wọ̀n gan-an.
Mo kọ ti ẹni tó tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Wijekoon pè mí lálẹ́, ó bu tíì fún mi
nínú ife tanganran. Kò bínú.
Ó ṣí ìwé hàn mí: iye tí wọ́n ń rà á ní Kòlóńbò ti já,
ajílẹ̀ ti gbówó lórí,
“bí mo bá san ohun tí wọ́n ń fẹ́, oko á kú.”
Ó lè jóòótọ́. N kò mọ ìṣirò ju ìyọkúrò lọ.
Ṣùgbọ́n oko tó jẹ́ pé ebi ẹlòmíì ló ń mú un wà láàyè,
ta ló ń pè é ní alààyè?
N kò sọ ọ́ jáde. Mo mu tíì rẹ̀.
Ó dùn.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní báyìí, ilẹ̀ ilé ẹ̀rọ ni mò ń gbá.
Ọmọdékùnrin kan ló wà nídìí ìwọ̀n, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀.
Mo yọjú lójú fèrèsé lánàá:
ó di bírò mú, kò tíì kọ nǹkan kan.
Níwájú rẹ̀, obìnrin mọ́kàndínlógójì,
ìborùn wọn ti wà nílẹ̀ ní títẹ́.