Òkè Tí Kò Lóríkì

Kì í ṣe Olúmọ. Kò sẹ́ni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Kì í ṣe Ìdànrè tó ń forí gbá ojú ọ̀run.
Òkè kékeré kan ni, lẹ́yìn oko obì Àkákà,
tí àwọn ará Àkákà ń pè ní Òkè Aláàárẹ̀,
tí àwọn ará Ìparà ní kò lórúkọ.
Ọmọ tó fi ọ̀kadà gbé wa débẹ̀ bi wá pé,
"Òkè wo? Èmi ò mà rí òkè kankan."

Àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ ti fi ẹfun kun gbogbo ètè.
Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin,
orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àgánrándì;
àti Ṣóbándé, ọmọ àbúrò mi, tó so fóònù mọ́ apá
kó lè máa bá a ka ìṣísẹ̀.
Ajá kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ tẹ̀lé wa.

Ìyá Èfúnbọ̀wálé ń ṣa obì lábẹ́ igi.
"Níbo lẹ̀ ń lọ?"
"Orí òkè, màmá."
"Kí ló wà ńbẹ̀?"
Mo rò ó títí. "Òkè ni, màmá."
Ó rẹ́rìn-ín títí obì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Òkè tí kì í so obì, tí kì í ta gbágùúdá!
Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ẹ má fara kan wèrèpè."

A fara kan wèrèpè.

Igbó ti gbé ọ̀nà mì bí ẹni gbé ògì.
Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ga jù wá lọ, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ bàtà,
àparò kan ta fìrì níwájú wa, ọkàn mi bá a fò.
Ṣóbándé ń kéde: ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀, ẹgbẹ̀rún àti igba.
Mo ní, má kà á mọ́. Ẹni ń gùnkè kì í ka èémí.
Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹta.
Lẹ́ẹ̀kan, mo purọ́ pé okùn bàtà ni mo ń so.

Baba mi ló gbé símẹ́ǹtì gun ibí, lórí, láìsí òṣùká,
lọ́dún tí àwọn awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá.
Ṣílè mẹ́ta lowó rẹ̀.
Gbogbo ọdún Kérésì, lẹ́yìn ìkọ́kọrẹ́, yóò tún un sọ:
"Ọ̀gá kọ̀yìn sí mi báyìí, mo tẹ àtàǹpàkò mi
mọ́ símẹ́ǹtì tútù. Mo wà lórí òkè yẹn títí ayé."
A ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́nìkan nínú wa tó lọ wò ó.
Ó kú. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo tún fi jáfara.

Òpó náà wà níbẹ̀. Kò ga ju àpótí ìjókòó lọ.
Ìdajì nọ́ńbà rẹ̀ ti jẹ, èéhù bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ẹnì kan ti fi ìṣó kọ orúkọ olólùfẹ́ sí i.
Mo kúnlẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ ọ wò bí afọ́jú.
Ihò mẹ́rin. Èwo ni ti baba mi,
èwo ni ti òjò?
Mo ki àtàǹpàkò bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan fẹ̀ jù. Ọ̀kan gbà á rẹ́gí,
ṣùgbọ́n eèrà ti fi ibẹ̀ ṣelé, ó ta mí.

A mu gàrí lórí òkè, pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀. Ajá gba tirẹ̀.
A rí òrùlé Ìsarà, páànù tó ti dípẹtà,
a rí àwọn tírélà lójú márosẹ̀, wọ́n ń fà
bí eèrùn tó gbẹ́rù tó jù ú lọ;
ọyẹ́ bo ìyókù.
Atẹ́gùn kan wá, kò jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni.
Ṣóbándé ti fóònù bọ àpò, kò sọ iye.

Ní ìsọ̀kalẹ̀, orúnkún mi fẹjọ́ mi sun gbogbo igi.
Ìyá Èfúnbọ̀wálé ti relé;
ó fi obì méjì sílẹ̀ fún wa lórí ewé.

A dé títì, mo yíjú padà.
Ọ̀pẹ mẹ́ta péré ló dúró níwájú rẹ̀, wọ́n bò ó tán.
"Òkè ọ̀hún dà?" ni ọmọ ọlọ́kadà tún ń bi wá.
Èmi náà ò rí i mọ́.
Mo na àtàǹpàkò mi tó wú sí ibi tó yẹ kó wà.