Fáìn

Ọ̀rọ̀ yìí ni Tíṣà Olútìmẹ́yìn fi ṣí gẹ̀ẹ́sì lójú wa
ní kíláàsì onípáànù, lẹ́bàá àpáta Mòpà:
bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé báwo ni, ẹ ní, “Fáìn.”
Kí ẹ pa ẹnu dé. Kí ẹ jókòó.
Ogójì ọmọ pariwo rẹ̀, páànù gbọ̀n.
Bámitálẹ́ àbúrò mi náà pariwo,
ara rẹ̀ ń jó bí ìgbẹ́ inú ọyẹ́.
Ó ní fáìn. Ó jókòó. Ó bì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn
bí ajá tó gbóòórùn òkété, tí kò rí ihò.

Àwọn géńdé ìdí ọ̀kadà rí Ìbílọlá tó ń kọjá,
wọ́n ní ó fáìn: mo mọ ìyẹn, ojú mi ò fọ́.
Birikìlà ní yanrìn wa ò fáìn tó, ká tún un jọ̀.
Rédíò ní ojú ọjọ́ á fáìn ní Jímọ̀;
Jímọ̀ náà ni ìjì ká páànù kíláàsì lọ sóko.
Kọ́ọ̀tù Kábà ní kí bàbá san fáìn
nítorí ewúrẹ́ wa tó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́.
Màmá ká owó náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní, “Kí ló wá dára níbẹ̀?”

Àwa, tí a bá pàdé lọ́nà oko, “Okun o” là ń wí.
Okun o, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́?
Ọmọ tó lọ Kàdúná, ṣé ó ti ránṣẹ́?
Iṣu á wà lórí ẹnìkan, igi á wà lórí ẹnìkejì,
òjìji á yí kúrò lápá ọ̀tún bọ́ sí òsì,
a ò tíì kúrò lójú kan.

Bámitálẹ́ wà ní Kánádà báyìí.
Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn.
“Okun o, ọmọ mi. Báwo ni?”
“Fáìn, Màmá.”
Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Màmá na fóònù sí mi.
“Ìwọ tó o kàwé, fáìn wo lèyí?
Ṣé ti Ìbílọlá ni, àbí ti yanrìn,
àbí èyí tí wọ́n ń san?”

Mo gbé e sétí. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.
“Okun o,” ni mo wí,
mo sì fẹ̀yìn ti ògiri, mo dúró.