Ẹrù Àbọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Ogallala.
Yìnyín oṣù kẹwàá ti bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi,
ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò arúgbó.
Èmi Ludmila, ọmọ Lumír Hruska awakọ̀,
mo ká ẹsẹ̀ sókè lórí ibùsùn ẹ̀yìn ìjókòó,
mò ń fi àtàǹpàkò wá oúnjẹ òòjọ́ lórí fóònù.

Ẹrù là ń wá, kì í ṣe ẹ̀rù.
Ṣùgbọ́n ohùn lásán ló ya àwọn méjèèjì;
ẹni tó ń wá ọ̀kan kò ní ṣàì pàdé èkejì.

Alágbàtà kan pè láti Ṣikágò,
ohùn rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun:
"Àga ìrọ̀gbọ̀kú ni, Flọ́rídà ló ń lọ,
dọ́là mẹ́ta lórí máìlì kan!"
Mẹ́ta! Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ hòo kí orí mi tó gbọ́.
Mo ní kó ṣe sùúrù.
Mo yí ẹ̀yìn ìwé owó iná padà, mo mú bírò:
dísẹ́ẹ̀lì àlọ, dísẹ́ẹ̀lì àbọ̀,
táyà méjìdínlógún tí ń jẹ ọ̀nà, tí ọ̀nà ń jẹ,
owó adójútòfò,
gbèsè ọkọ̀ tó máa ń jí ṣáájú mi lójoojúmọ́.
Mo bi í pé, "Kí ló ń ti Flọ́rídà bọ̀ lásìkò yìí?"
Ó wúkọ́.

Bàbá mi ti dáhùn tipẹ́:
"Oòrùn ló pọ̀ níbẹ̀, àti àwọn arúgbó.
Kò sí èyí tó ń san owó ọkọ̀ nínú wọn."
Dọ́là mẹ́ta lálọ, òfìfo lábọ̀,
kí ni ò ní jẹ́ dọ́là kan àbọ̀?
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, mo gbà,
ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí, àbọ̀ owó ló fẹ́ fi bò mí lójú.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù.

Gurtej tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti gbéra lóru,
ó gbé páálí lọ Denver ní owó tí kò tó epo.
Ó mọ̀. Ó fi ìṣírò rẹ̀ hàn mí, ó rẹ́rìn-ín.
Ebi ti wọ̀ ọ́ nínú ná; ọ̀rọ̀ wo ni ǹ bá rí fi sí i?
Ọkọ̀ tó dúró náà ń jẹun.

Ọjọ́ kejì, títí di ọ̀sán, kò sí nǹkan.
Ọjọ́ kẹta, mo ju fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mo ṣí ìwé pélébé tí bàbá mi fi sílẹ̀,
tí èmi náà ń kọ sí,
tí gírísì ti sọ etí rẹ̀ di dúdú.
Orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe iye nìkan:
ta ló ń sanwó bó ti wí,
ta ló ń fi èrú wọn ẹrù,
ta ló dá mi dúró fún wákàtí mẹ́sàn-án láì fún mi ní àga.
Mo dé orí Delfina Archuleta, ilé ẹ̀wà, Scottsbluff.
Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ agbẹ́rù wọn kú lóru;
mo dúró, n kò bu owó ìdúró lé wọn,
mo sì gbá ilẹ̀ tírélà mi kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

"Ludmila? Ìwọ onígbálẹ̀!"
Ẹ̀wà kún ilé wọn dé àjà.
Laredo ló ń lọ, létí odò ààlà,
dọ́là méjì àti àádọ́ta sẹ́ǹtì.
Ó kéré sí mẹ́ta. Mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n Laredo kì í jẹ́ kí àlejò padà lọ́wọ́ òfo:
táìlì, ìgbálẹ̀, ọtí inú ìgò,
gbogbo wọn ló ń dúró de ọkọ̀ tó kọjú sí àríwá.

Kò tíì parí o.
Òṣùwọ̀n ní ẹ̀yìn ti wúwo jù,
mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù, mo fa táyà sẹ́yìn ní ihò méjì.
Owó náà di ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó wọlé;
títí dìgbà náà, gbèsè ni yóò bọ́ mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Laredo nínú ìwé náà,
bàbá mi kò kọ iye kankan. Ó kọ ọ́ pé:
"Ẹrù àbọ̀ wà. Kọfí wọn kò ṣeé mu."
Mo débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo rà á síbẹ̀síbẹ̀,
mo mu ún tán.
Òótọ́ ni.