Sairagul Ń Ra Ooru

Ẹnikẹ́ni kò pe yìnyín. Ó dé
kí ará Narin tó kó ọ̀dùnkún wọn tán nílẹ̀.
Ó bá Sairagul nínú yàrá,
ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ilé:
ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún láti ibùsùn dé fèrèsé,
ẹsẹ̀ mọ́kànlá láti ògiri dé ògiri.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná,
nítorí Ermek ọmọ rẹ̀ pè láti ìlú ńlá:
“Ìyá, ẹ má ra ohun tó ju yàrá lọ,
ẹ má sì ra ohun tí yàrá jù lọ.”

Sítóòfù àtijọ́ ti là láti ọrùn dé ìdí.
Kubat ló máa ń fi amọ̀ dí i lọ́dọọdún,
a máa bú u bí ẹni ń bú àbúrò.
Kubat ti ń sùn lẹ́yìn odò láti oṣù kẹrin.
Amọ̀ ti gbẹ mọ́ garawa rẹ̀.

Lọ́jà, Taalai to ooru sílẹ̀ bí ẹni to bàtà.
“Oníwáyà pupa nìyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́,
kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbóná.”
Sairagul na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i.
Ó ta á lójú, kò dé ìpàkọ́ rẹ̀.
“Ooru ojú ayé lèyí,” ló wí, ó sì kọjá.

“Elépo inú ńkọ́, onírin bí egungun ìhà?
Kì í yára gbóná, kì í sì í yára tutù.”
Èyí wọ̀ ọ́ lójú díẹ̀; ó jọ ẹnì kan tó mọ̀.
“Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?”
Taalai wo òrùlé ọjà.
Lóṣù kìíní tó kọjá, alẹ́ mẹ́ta ni òkùnkùn fi gbé ilé,
omi dì nínú ìkòkò,
ológbò wọ abẹ́ kóòtù Kubat,
wàrà nìkan ló ń mú un jáde.

“Onígáàsì wà.”
Ó rántí Aizada, ọmọ-ọmọ rẹ̀,
àyà rẹ̀ tí ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Kò tilẹ̀ dáhùn.

Ó wá ku eléèédú, irin dúdú kan ní kọ̀rọ̀,
ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gún, ìkẹrin kúrú díẹ̀.
Ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó ti orí bọ inú.
“Ta ni yóò máa gbé èédú fún yín, Ìyá?”
“Ta ló ń gbé e tẹ́lẹ̀?”
Taalai rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Èéfín kan wà tí kì í rùn, tí kì í ta ni lójú.
Ó wọ ilé Japarkul ní èṣí;
ilẹ̀ mọ́, ife tíì wọn ṣì wà lórí tábìlì,
kò sẹ́ni tó mu ún.
Nítorí náà ló ṣe ra páìpù tuntun mẹ́rin, kì í ṣe àlòkù,
àti aago funfun kékeré kan,
èyí tí í ké nígbà tí onílé kò lè ké.
Owó bàtà òtútù bá a lọ.

Lálẹ́, èédú pọ́n, ìkòkò ń kùn,
síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ẹja.
Ó tan àbẹ́là, ó gbé e yí ilé ká.
Iná rẹ̀ dúró ṣánṣán ní fèrèsé,
ó dúró lẹ́bàá ibùsùn,
níbi ẹnu ọ̀nà ló ti dọ̀bálẹ̀.

Sairagul wo kóòtù onírun àgùntàn tó wà lára ìṣó.
Ó wò ó títí àbẹ́là fi kán sí i lọ́wọ́.
Lẹ́yìn náà ó mú àlùmọ́gàjí,
ó gé apá òsì, ó gé ìsàlẹ̀,
ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn pinpin.
Apá ọ̀tún, ó dá a padà sára ìṣó.

Ó kù kí sítóòfù yéé mì.
Ó ká ìwé owó iná sí mẹ́rin,
mẹ́tàdínlógún, mọ́kànlá,
ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú.